Bí Èmi Ọdẹ́níyì Ṣe Wá Ewé Tíì Lọ sí Òkè Àìtòògbé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbé ife yín sílẹ̀ ná. Ọyẹ́ òwúrọ̀ yìí ló kó yín jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ìyàwó ọmọ mi sì ti po tíì fún olúkúlùkù yín. Ẹ ti da mílíìkì sí i, ẹ ti bu ṣúgà sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wá ń ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́, ẹ sì ń mu ún bí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Mo ti wo ojú yín láti ọ̀tún dé òsì. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó mọ nǹkan kan. Ẹ rò pé inú páálí ni tíì ti ń hù, ẹ sì rò pé òwú tó so mọ́ àpò rẹ̀ yẹn ni gbòǹgbò rẹ̀.

Èmi Ọdẹ́níyì ọmọ Ọdẹ́kánmi ni kí ẹ bi. Èmi tí mo ti tẹ ilẹ̀ tí iwin fúnra wọn ń bẹ̀rù láti tẹ̀, èmi ni mo gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń gbìn ín. Mo fi ọwọ́ mi já a, mo fi ọwọ́ mi yí i, mo fi iná gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú, ìlú Òkè-Ìṣin ni mò ń gbé. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà oko, mo rí ẹranko kan lẹ́bàá igbó. Ó ní ìwo, ó sanra, ó sì ń wò mí láìbẹ̀rù. Mo yìnbọn, ó ṣubú. Ìgalà ni. Mo ní ìgalà ni! Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín lójú?

Àṣà ìlú wa ni pé ọdẹ tó bá pa ẹran ńlá gbọ́dọ̀ gbé itan kan lọ fún ọba. Mo bó ẹran mi nínú igbó níbẹ̀, mo kun ún, mo sì gbé itan ọ̀tún lọ sí ààfin Oníṣin, ọba wa. Ó jẹ ẹ́, ó sì ránṣẹ́ kí mi. Èmi àti Àwẹ̀ró ìyàwó mi jẹ nínú èyí tó kù, a sì yan ìyókù gbẹ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí opó kan tí à ń pè ní Ìyá Dúrójayé fi pè mí lẹ́jọ́ níwájú ọba. Ó ní àgbò òun ni mo pa, àgbò tí ọkọ òun fi sílẹ̀ fún òun kó tó kú. Mo ní ìgalà ni. Ó ní àgbò ni. Ọba ní kí wọ́n gba ìbọn mi, kí wọ́n gbé e kọ́ sára òpó ààfin títí tí òun á fi dá ẹjọ́ náà. Mo gbà. Kò sẹ́ni tó rí mi nínú kùrukùru ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run sì fún mi ní ẹnu. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá parí ẹjọ́ náà ni ìbọn mi máa padà sí èjìká mi.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò parí. Bí Ìyá Dúrójayé bá ti kúnlẹ̀, tó sì la ẹnu pé, “Kábíyèsí, àgbò mi,” orí ọba á ṣubú sí àyà rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹ wá wo ohun ìyanu: ọba yìí kan náà máa ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àní títí kan ẹjọ́ adìyẹ tó lọ yé sí ilé ìdáná aládùúgbò. Tèmi nìkan ló máa ń gbé e lọ. Mo rò nínú ara mi pé ohùn mi tó dùn jù, tó gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ló ń rẹ̀ ẹ́ lọ bí ọmọ ọwọ́.

Ọdún mẹ́fà! Ọdẹ tí kò ní ìbọn fún ọdún mẹ́fà! Igi ni mo fi ń lé òkété kiri, òkété sì máa ń dúró kí n dé ìtòsí kó tó sáré. Àwọn ọmọdé àdúgbò sọ mí ní Ọdẹ Onígi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró se ilá tí kò ní ẹran, ó wo inú ìkòkò, ó wo ojú mi.

“Bàbá Fọlárìn,” ó ní, “ṣé báyìí la ó ṣe máa jẹun lọ?”

“Ọba ló ń sùn, kì í ṣe èmi.”

“Ẹ wá nǹkan tó máa jí i. Bàbá tó bí bàbá mi máa ń sọ fún wa pé òkè kan wà tó ń jẹ́ Òkè Àìtòògbé. Wọ́n ń gbin ewé kan níbẹ̀. Ẹni tó bá mu omi rẹ̀, oorun ò ní ráyè rẹ̀. Ẹ lọ mú un wá fún Kábíyèsí, kó lè la ojú gbọ́ ẹjọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kí ẹ sì gba ìbọn yín.”

“Àwẹ̀ró, kí n lọ sí ilẹ̀ àwọn iwin láìsí ìbọn?”

“Ṣé ìbọn lẹ fẹ́ fi já ewé ni?”

Mo mú àdá, mo di èlùbọ́ sínú àpò, mo sì lọ.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ahanrun. Àwọn iwin ibẹ̀ kò ní iṣẹ́ méjì ju oorun lọ. Wọ́n nà gbalaja sójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ju ilé olójúlé mẹ́jọ lọ, ìhanrun wọn sì ń mú kí igi máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fa èémí sínú, ẹyẹ tó ń fò lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ á bá ara rẹ̀ nínú imú. Bí wọ́n bá tún mí síta, ẹyẹ náà á jáde, á sì máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Mo ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá níwájú èyí tó tóbi jù nínú wọn nígbà tó fa èémí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wọlé. Mo wọ imú iwin lódindi, tàdá tàpò.

Mo rọ̀ mọ́ irun imú kan, mo ń pariwo pé, “Ẹ dákun, àlejò ni mí!” Kò gbọ́. Mo ké pè é ní oríkì tí mi ò mọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, kò gbọ́. Ni mo bá tú àpò mi, mo da gbogbo èlùbọ́ inú rẹ̀ sí i nímú. Ó sín! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sín, mo sì fò kọjá odò mẹ́ta àti pápá kan, mo lọ balẹ̀ sẹ́sẹ̀ òkè ńlá kan tí ìkùukùu bo orí rẹ̀. Ibi tí àwọn ọdẹ kan máa fi oṣù méjì rìn, tí wọ́n á tún máa fi yangàn lójú agbo, èmi ò gbé ẹsẹ̀ kan kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ wò mí dáadáa, èmi náà nìyí.

Iwin kan jókòó lẹ́nu bodè òkè náà. Ó fi okùn tín-ín-rín so ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì mọ́ irun orí, kí ojú rẹ̀ má baà padé. Ó wo èlùbọ́ tó bo ara mi.

“Irú ẹ̀dá wo nìyí?”

“Ọdẹ ni mí. Ewé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn tòògbé ni mo wá gbà. Ọba wa ń sùn.”

“Gbogbo ọba ló ń sùn.”

“Tiwa ń sùn nídìí ẹjọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí okùn ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní, “Èmi ni Afojúṣọ́nà. Gbọ́ àlọ́ mi. Ó kú lórí igi, ó kú lórí ẹní, ó kú lọ́wọ́, ó kú nínú iná, ó wá jí nínú omi. Kí ni?”

“Ẹja gbígbẹ,” ni mo dáhùn kíá.

“O ti rí ẹja lórí igi rí?”

“Ọ̀bọ ni.”

“Ọ̀bọ tó kú nínú iná, tó wá jí nínú omi? Ta ló máa jẹ́ kó dé inú omi láìjẹ ẹ́?”

“Bí kì í bá ṣe ọ̀bọ, ó jọ pé ìyàwó mi ni, nígbà tó bá ń bínú.”

Afojúṣọ́nà mi orí. “Wọlé. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ jáde ni wàá dáhùn. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ìwọ ni wàá máa ru igi ìdáná fún wa títí láé, o ò sì ní rí ilé rẹ mọ́.” Mo wọlé. Àyà mi já, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo wọlé bí ẹni pé èmi ni mo ni òkè náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí oko tíì. Gbogbo ara òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè tutù yọ̀yọ̀, ìkùukùu ń kọjá lórí rẹ̀, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ ní ọjọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí omi dúró sídìí igi, nítorí ilẹ̀ náà dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Àwọn igi náà kò ga ju ìbàdí lọ. Ẹni tó jẹ́ olórí oko ni ìyá àgbà iwin kan tó ní ìka méje lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníka.

Mo kí i, mo ní, “Ìyá, kí ló dé tí igi yín kúrú báyìí? Ṣé ebi ń pa wọ́n ni?”

Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ga ju ààfin ọba yín lọ. Àwa là ń gé wọn lórí kí wọ́n má ga, kí wọ́n lè máa yọ ọ̀mùnú. Láti ara ẹ̀ka kékeré la ti ń gbìn wọ́n. A ó fi wọ́n sábẹ́ ibòji, a ó máa wọ́n omi sí wọn, a ó bọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta gbáko kí àwa náà tó rí nǹkan já.” Ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀. “Tọ́ ọ wò.”

Mo tọ́ ọ wò. Ó kan.

“Ilẹ̀ tó kan báyìí ló ń fẹ́. Bí o bá fẹ́ ewé lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi ṣe é láti orí igi dé inú ife. A kì í fún àlejò ní èyí tí a ti ṣe.” Ó gbé agbọ̀n kan kọ́ mi lẹ́yìn, okùn rẹ̀ sì kọjá níwájú orí mi. “Lọ já a.”

Ẹ̀yin náà mọ ọdẹ. Ọdẹ kì í gbé ẹran kékeré wálé nígbà tí ẹran ńlá wà. Mo wọ àárín àwọn igi náà, mo wá àwọn ewé tó tóbi jù, tó le jù, tó ti gbó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n ya bí ẹni tó ń tu ìyẹ́ ẹtù. Àfi bí àwọn igi náà ṣe figbe ta: “Olè! Olè! Ẹ gbà wá!” Gbogbo igi orí òkè náà gbà á, láti ìlà kan dé èkejì, títí ó fi jẹ́ pé òkè náà lódindi ń pè mí ní olè. Àwọn iwin tó ń ṣiṣẹ́ dúró, wọ́n wo agbọ̀n mi, wọ́n sì fi ẹ̀rín gba ilẹ̀ yí.

Ìyá Oníka da gbogbo ewé mi nù. “Àwọn àgbà ilé lo lọ ń fà nírun. Wò ó.” Ó fi ìka méjì di ṣóńṣó ẹ̀ka kan mú, ó ṣẹ́ ọ̀mùnú tí kò tíì ṣí pẹ̀lú ewé wẹ́wẹ́ méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Igi náà rẹ́rìn-ín kíkíkí bí ẹni tí wọ́n rin ní ìhà. “Ọ̀mùnú kan, ewé méjì. Kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n á tún ti yọ òmíràn.”

Mo já a láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yìn mi ń ro mí, àwọn igi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo rí já kò ju agbọ̀n kékeré kan lọ. Èmi tí mo máa ń gbé ẹfọ̀n sọ́rùn! Ó dára, n kò gbé ẹfọ̀n sọ́rùn rí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó gbé e.

Wọ́n kó ewé mi lọ sínú àtíbàbà kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí ẹní. Ìyá Oníka ní, “Jókòó tì í. Má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé lọ́la.” Mo jókòó. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i pé ewé mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Títutù rẹ̀ ti lọ, ó ti súnkì, ó sì rí bí àkísà. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ gbà mí lẹ́rìí: kí ni ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa ń ṣe nígbà tí oòrùn bá mú tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ lọ́jà? Ó ń bu omi wọ́n ọn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo bu omi, mo wọ́n ọn sórí gbogbo ewé náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo tún fi aṣọ tútù bò ó. Láìpẹ́ ó jí pépé. Mo jókòó, inú mi dùn, mò ń retí kí wọ́n wá yìn mí.

Nígbà tí Ìyá Oníka dé, ó ṣí aṣọ náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orí, ìka mẹ́rìnlá. “Yéè! Ẹ wá wò ó o! Ọmọ ènìyàn ti jí òkú wa!” Gbogbo iwin ìlú sáré dé, wọ́n ń sunkún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. “Ó yẹ kó kú lórí ẹní ni! Omi ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó lè rọ̀, kó má baà fọ́ nígbà tí a bá ń yí i. Ìwọ wá bu omi lé e! Ó ti bàjẹ́ pátápátá.” Wọ́n dà á sí ẹsẹ̀ igi, wọ́n sì dá mi padà sóko pẹ̀lú agbọ̀n mi. Mo tún já a fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí ewé náà ń rọ lórí ẹní, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé etí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Lẹ́yìn tí ewé rọ tán, wọ́n ní kí n yí i lọ́wọ́, kí n fún un, kí n gbo ó, kí omi inú rẹ̀ lè jáde sí ara rẹ̀, kó sì lọ́ bí òwú. Àwọn iwin dúró kí wọ́n lè tún fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé láàárín ọdún mẹ́fà tí n kò ní ìbọn, èmi ni mò ń fọ ewúro fún Àwẹ̀ró lẹ́yìn ilé. Mo ká apá aṣọ sókè, mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbo ó, mo fún un, mo tún un gbo. Ẹ̀rín wọn dáwọ́ dúró. Ìyá Oníka tẹ ọrùn síwájú. “Ta ló kọ́ ọ?” Mo dáhùn pé ojú ogun ni mo ti kọ́ ọ.

Wọ́n wá tẹ́ ewé náà sínú yàrá tútù kan fún wákàtí díẹ̀, kó lè yí àwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ ewé ń lọ, tí àwọ̀ bàbà ń wọ̀ ọ́, òórùn kan tó dùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá Oníka ní àwọn ìlú mìíràn wà tí kì í jẹ́ kó yí rárá, wọ́n á ti sáré gbé e síná, omi tiwọn á sì ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn èyí ló kan iná. Nídìí iná ni mo ti di ọba wọn, nítorí ta ló tún mọ bí a ti ń gbẹ nǹkan lórí iná ju ọdẹ lọ? Mo kó ẹyín iná tí kò ní èéfín jọ, mo gbé ewé lé e lókè rẹ̀, mò ń yí i láìsinmi títí ó fi gbẹ, tó dúdú, tó sì ń dún lábẹ́ ìka. Wọ́n fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ewé tó gùn lọ sọ́tọ̀, èyí tó fọ́ lọ sọ́tọ̀, eruku tó bọ́ sísàlẹ̀ náà lọ sọ́tọ̀. Ẹ má bínú o, eruku yẹn ni wọ́n ń dì sínú àpò kékeré olówùú tí ẹ ń mu yẹn.

Ìyá Oníka bu ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ife, ó da omi tó ń hó lé e. Mo wo inú rẹ̀. Ewé dúdú tó ti ká kò, tó ti gbẹ, tó ti lọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ọ̀mùnú kan àti ewé méjì, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe já a lórí igi. Mo fò sókè, mo da ife náà sí ẹsẹ̀ ara mi.

“Ó jí!” mo pariwo. “Ìyá, ó jí!”

Mi ò dúró tọ́jú ẹsẹ̀ tó jó. Mo gbé àpò ewé mi, mo sáré tiro tiro dé bodè, mo sì kígbe mọ́ Afojúṣọ́nà pé, “Tíì ni! Ó kú lórí igi nígbà tí mo já a, ó kú lórí ẹní nígbà tó rọ, ó kú lọ́wọ́ mi, ó kú nínú iná, ó sì jí nínú omi báyìí, ó jó mi lẹ́sẹ̀!” Afojúṣọ́nà ṣí bodè fún mi. Ó bi mí bóyá ìyàwó mi ń bínú lóòótọ́. Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo dé Igbó Ahanrun, ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ti mọ imú tí n ó wọ̀, tí yóò sín mi dé ilé.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Gbogbo Òkè-Ìṣin kún ààfin, ìbọn mi ń bẹ lára òpó, eruku ti bò ó. Mo gbé omi kaná níwájú gbogbo ènìyàn, mo fi ewé sí i, mo sì rò fún wọn bí mo ṣe rí i. Àwọn ìjòyè ní kí n kọ́kọ́ fún Ọ̀tún mu wò. Ọ̀tún ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, oorun ló sì máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin. Ó mu ife kan. Ojú rẹ̀ là kedere, ó dìde dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í parí ọ̀rọ̀ kan tó ti bẹ̀rẹ̀ láyé bàbá ọba. Ìlú pàtẹ́wọ́.

Ọba Oníṣin ní, “Inú mi kò fẹ́ nǹkan gbígbóná lónìí.”

“Kábíyèsí, nítorí ìlú,” ni àwọn ìjòyè ń bẹ̀ ẹ́. Ó fi ẹnu kàn án. Ó dùn mọ́ ọn. Ó mu ife mẹ́ta.

Ìyá Dúrójayé bá kúnlẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun láàárín ọdún mẹ́fà náà. Ó ní, “Kábíyèsí, àgbò mi.”

Orí ọba ṣubú sí àyà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ọ̀tún bá sọ̀rọ̀: “Kábíyèsí, èmi tí mo ti ń sùn láti ayé bàbá yín, mo jí pẹ̀lú ife kan. Ife mẹ́ta lẹ̀yin mu. Kí ló ń ṣe yín?” Ọba ṣí ojú kan. Ó rí i pé ojú gbogbo ìlú wà lára òun. Ó tún un pa dé.

“Kábíyèsí,” Ìyá Dúrójayé ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ẹ jí. Ẹ kò sùn rí.”

Ọba gbé orí sókè, ó fi ọwọ́ ra ọrùn. Ó ní, “Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọrùn yìí ti ń dùn mí. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ìgalà. Ìgbà tí mo gé itan yẹn jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, mo mọ̀ pé ẹran ilé ni. Ó dùn, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ kẹta lo wá, o ní wọ́n pa àgbò rẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó dá ẹjọ́ ẹran tó wà níkùn mi? Ojú tì mí. Ni mo bá ṣe bí ẹni tó sùn, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ jí mọ́.” Ó kọjú sí mi. “Ọdẹ́níyì, kí lo pa?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lọ́jọ́ yẹn, ó dùn, ó gùn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní dá mi láre. Ṣùgbọ́n okùn wà lọ́rùn ẹran náà. Mo rí i nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀. Mo gé okùn náà, mo jù ú sínú igbó, mo sì pe ẹran ní ìgalà títí èmi náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí títí di òní.

“Àgbò ni, Kábíyèsí,” ni mo wí. “Àgbò Ìyá Dúrójayé ni.”

Ọba ní òun á san àgbò kan, èmi náà á san ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé ìbọn mi fún mi. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìyá Dúrójayé ní òun máa gba àgbò méjèèjì, nítorí orí òun kò dàrú. Ó wá wò mí.

“Bàbá Dúrójayé ló bọ́ àgbò yẹn láti kékeré,” ó ní. “Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ojú fèrèsé ló ti máa ń fún un ní èèpo iṣu. Ẹran kọ́ ni mo wá ń wá láàfin láti ọdún mẹ́fà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ ni. Gbogbo ìlú ti ń wò mí bí opó tí ìbànújẹ́ dà lórí rú.”

Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ lójú gbogbo Òkè-Ìṣin. Obìnrin náà fa àpótí kan, ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu tíì fún òun náà. Wọ́n bu ú fún un. Ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó sì mu ún jẹ́ẹ́jẹ́ títí tó fi tán nínú ife, kó tó ní kí n dìde.